Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹ̀kọ́ Medical Coding: Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Tó Fẹ́ Yí Iṣẹ́ Padà ní Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo ló mọ àwọn tó ń fún wọn ní káàdì nílé-ìwòsàn, ìbáà ṣe ní Asubiaro tàbí ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló mọ ohun tí wọ́n ń fi fáìlì ṣe lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti gba oògùn lọ sílé. Ẹnì kan yóò jókòó ti fáìlì náà, yóò ka gbogbo ohun tí dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kọ sínú rẹ̀, yóò wá ṣí ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pín àìsàn sí ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, yóò sì kọ àmì tó bá àìsàn kọ̀ọ̀kan mu sílẹ̀, àmì oní-lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní kóòdù. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní medical coding. Kò bá ti àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà tan. Ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti sùúrù.

Àwọn tó ń béèrè ọ̀nà sínú iṣẹ́ náà lónìí kì í ṣe ọmọdé. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ni láti ìgbà pípẹ́ wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báǹkì tí wọ́n ní kó máa lọ sílé wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ òru ti sú náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi sọ́kàn kí ó tó san kọ́bọ̀ ni pé ọjà tí yóò ti ta iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yàn, kí ó tó yan ilé-ẹ̀kọ́. Ọjà méjì ló wà, ti ilé níbí àti ti Amẹ́ríkà. Ìwé tí ọ̀kan ń lò kọ́ ni èkejì ń lò, ìdánwò wọn yàtọ̀, ìwé-ẹ̀rí ti ibì kan kò sì ṣílẹ̀kùn ibì kejì. Ẹni tó ra ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, tó wá ń wá iṣẹ́ kiri ilé-ìwòsàn ní Òkè-Fìà, ti da owó rẹ̀ sómi.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an

Kí ọ̀rọ̀ má baà wà lófuurufú, ẹ jẹ́ kí a ṣí fáìlì kan lójú inú. Obìnrin kan wá sílé-ìwòsàn, dókítà sì kọ ọ́ báyìí: "Fever 3/7, headache, vomiting. MP ++. Imp: malaria. Known hypertensive." Ẹni tó fẹ́ fi kóòdù sí i gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 3/7 ni ọjọ́ mẹ́ta, pé MP ni àyẹ̀wò kòkòrò ibà, pé ++ ń sọ bí kòkòrò náà ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé Imp ni ohun tí dókítà gbà pé ó ń ṣe aláìsàn. Èyí jẹ́ bí ìwé dókítà bá ṣeé kà, nítorí kíka ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn dókítà wa fúnra rẹ̀ tó iṣẹ́ kan.

Nínú ICD-10, ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tí mo mẹ́nu bà lókè, ibà wà láti B50 títí dé B54. B50 ni ti kòkòrò ibà tó ń jẹ́ Plasmodium falciparum, B51 ti vivax, B52 ti malariae, B53 ti àwọn ibà yòókù tí àyẹ̀wò ti fi kòkòrò wọn hàn, B54 sì ni ti ibà tí dókítà mọ̀ láti ara àpẹẹrẹ nìkan, láìsí àyẹ̀wò kòkòrò. Ẹni tó ń kánjú yóò rí "malaria", yóò kọ B54, yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ++ wà níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti rí kòkòrò, nítorí náà kò lè jẹ́ B54. Kò sì gbọdọ̀ kọ B50 kìkì nítorí pé gbogbo wa mọ̀ pé falciparum ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ibà ilẹ̀ wa, nítorí ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ni ẹni tó ń fi kóòdù sí i láṣẹ láti mọ̀. B53.8 ni yóò kọ. Bí ó bá wá ìwé àyẹ̀wò kàn tó sì bá orúkọ falciparum níbẹ̀, ó di B50.9, bí dókítà bá kọ ọ́ pé ibà náà ti wọ ọpọlọ, ó di B50.0. Ìwé pélébé kan tó já bọ́ lára fáìlì tó láti yí kóòdù padà, òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò sì dìde lọ wá a ní yàrá àyẹ̀wò, tàbí kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ I10 fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ní ipò kejì, nítorí ibà ni obìnrin náà torí rẹ̀ gba ìtọ́jú.

Ẹ wo ti ọlọ́kadà tí wọ́n gbé wá láti oríta Ọláìyá, tí egungun itan rẹ̀ kán ní àárín. S72.3 ni ti egungun náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí ìwé náà fẹ́ mọ ohun tó fa ìpalára. Láàárín V20 sí V29 ni wọ́n ti ń wá kóòdù fún ẹni tó wà lórí alùpùpù, bóyá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló kọlù ú, bóyá ẹranko ló sáré sí i lẹ́nu, tàbí kò tilẹ̀ kọlu ohunkóhun, ó kàn ṣubú ni. Bí fáìlì kò bá sọ ọ́, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà dí i.

Ìwé mẹ́ta ni ICD-10 pín sí: àtòjọ kóòdù ni àkọ́kọ́, ìlànà lílò rẹ̀ ni èkejì, atọ́ka ni ẹ̀kẹta. Inú atọ́ka ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, inú àtòjọ ni wọ́n sì ti ń parí, kí wọ́n lè ka àkíyèsí tó wà lábẹ́ kóòdù, tó lè sọ pé irú àìsàn báyìí kò sí lára rẹ̀, kí a wá a lọ síbòmíràn. ICD-11, ẹ̀dà tuntun rẹ̀, ti di ohun lílò láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìlànà ICD-10 dáadáa kò ní í jẹ́ àjèjì sí i.

Ẹ dán ara yín wò lọ́fẹ̀ẹ́ ná

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kò ní owó nínú, àyàfi owó dátà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé gbogbo àtòjọ ICD-10 àti ICD-11 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí i. Wọ́n tún gbé ẹ̀kọ́ ICD-10 kan síbẹ̀ tí ènìyàn lè fi kọ́ ara rẹ̀. Àtòjọ ICD-10-CM ti Amẹ́ríkà àti ìlànà rẹ̀ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé CPT, tí wọ́n fi ń kọ kóòdù ohun tí dókítà ṣe ní Amẹ́ríkà, nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American Medical Association, ló ni í, owó ni wọ́n fi ń rà á.

Ẹ fi oṣù kan gbáko ṣe èyí. Ẹ wá ìwé Biology ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, kódà bó jẹ́ ti ọmọ yín, kí ẹ tún ka orí tó dá lórí ara ènìyàn: egungun, ọkàn, kíndìnrín, ilé ọmọ. Lálaalẹ́, ẹ kọ àpẹẹrẹ aláìsàn bíi mélòó kan sílẹ̀, kí ẹ wá kóòdù wọn, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi mú èyí tí ẹ mú. Àtọ̀gbẹ tó ti ba kíndìnrín jẹ́, àrùn fòníkúfọ̀ladídè tó ń dààmú ọmọ ọdún mẹ́fà, ìbímọ tó lọ wẹ́rẹ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti dé inú awọ ọpọlọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí dára púpọ̀ fún ẹ̀kọ́, nítorí kóòdù méjì ló ń gbà pọ̀, A17.0 fún àrùn náà àti G01 fún ibi tó mú, ìwé sì fi àmì idà kékeré àti ìràwọ̀ sàmì sí wọn kí a lè mọ èyí tó ń ṣáájú.

Bí oṣù náà bá parí tí ẹ sì rí i pé ẹ ń jókòó pẹ́ ju bí ẹ ti pinnu lọ torí pé ẹ fẹ́ rí ìdí ọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà lè bá yín mu. Bí oorun bá ń kùn yín lójoojúmọ́, ẹ má fi owó tì í. Ní tèmi, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ló ní ànfààní jù, nítorí wọ́n ti mọ èdè inú fáìlì. Olùkọ́ Biology tẹ̀lé wọn. Òṣìṣẹ́ báǹkì lè máa mikàn lórí orúkọ àìsàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́ àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù níbẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n lè kọ́ ènìyàn láàárín oṣù mẹ́ta.

Ọ̀nà ti ilé

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ kóòdù kò dá dúró fúnra rẹ̀. Abẹ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ló wà, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1989 ló sì dá ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera níwèé àṣẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀ka yìí ní ilé-ìwòsàn ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní láti kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí. Ará Òṣogbo kò ní láti rìn jìnnà: ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Iléṣà, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Ifẹ̀ àti UCH ní Ìbàdàn náà sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà orí WhatsApp kò lè rọ́pò èyí, bó ti wù kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dán tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ọjọ́ orí láìtan ara wa. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà gbogbogbòò, iṣẹ́ ìjọba ń parí nígbà tí ènìyàn bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tí ó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni 45 ọdún tó bá lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ yóò jáde ní 48. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á lọ́jọ́ náà gan-an, ọdún 12 ló kù fún un, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í tètè gba ènìyàn síṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, tó lè kàwé kí ó sì béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀, ni mo rò pé ọ̀nà yìí yẹ jù.

Fún àwọn yòókù, ilẹ̀kùn kan wà tí ojú kì í sábà tó, òun náà ni ìdí claims, ìyẹn ìwé tí ilé-ìwòsàn fi ń béèrè owó ìtọ́jú lọ́wọ́ adójútòfò. Ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, òfin ọdún 2022 sì sọ ọ́ di NHIA, ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní ètò tirẹ̀. Bí owó ṣe ń wọlé fún ilé-ìwòsàn lábẹ́ ètò yìí pín sí ọ̀nà méjì. Fún ìtọ́jú kéékèèké, HMO, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò owó adójútòfò ìlera, ń san iye kan lóṣooṣù lórí gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-ìwòsàn náà, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣe é. Fún ìtọ́jú tó ju ìyẹn lọ, ilé-ìwòsàn yóò kọ́kọ́ gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ HMO, yóò tọ́jú aláìsàn, yóò sì kọ ìwé béèrè owó lórí ohun kọ̀ọ̀kan tó ṣe. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Bí ìwé náà bá sọ pé ibà ló ń ṣe aláìsàn, tí wọ́n wá béèrè owó àwòrán inú ikùn, tí kò sì sí gbólóhùn kan pé inú ń dùn ún, HMO yóò fa ilà pupa sí i. Ilé-ìwòsàn aládàáni tó bá ti ń pàdánù owó báyìí lóṣooṣù yóò gbọ́rọ̀ sí ẹni tó lè ka fáìlì kí ó sì rí àléébù rẹ̀ kí ìwé tó jáde. Ẹ̀kọ́ kóòdù, kódà èyí tí ẹ fi kọ́ ara yín, wúlò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, orí tó ti funfun díẹ̀ kì í sì í ṣe àbùkù nídìí iṣẹ́ tí ènìyàn ti ní láti bá òṣìṣẹ́ HMO fà á lórí fóònù.

Kí ẹ tó yan ọ̀nà yìí, ẹ lọ fojú ara yín rí iṣẹ́ náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn kan, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i, ẹ sì fúnra yín mú un lọ ní ọ̀sán, nígbà tí èrò òwúrọ̀ bá ti fọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ kí n tó sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lè fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, inú mi yóò dùn." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fi kóòdù sí fáìlì lójoojúmọ́ tàbí ìgbà tí ìròyìn ìparí oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀ nìkan, ìwé wo ni wọ́n ń lò, orí pépà ni àbí orí kọ̀ǹpútà, àti ìgbà tí wọ́n gba ènìyàn kẹ́yìn. Ẹ má béèrè láti wo fáìlì aláìsàn kankan. Òfin ìlera ọdún 2014 àti òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 kò fàyè gbà á, ẹni tó bá sì béèrè irú rẹ̀ ti fi hàn pé òun kò yẹ níbi iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà ti Amẹ́ríkà

Òun ni ìpolówó rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà ló sì ń gba ìfarabalẹ̀ jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni ilé-ìwòsàn Amẹ́ríkà ti ń lo ICD-10-CM, tí kóòdù rẹ̀ lé ní 70,000. Egungun itan ọlọ́kadà wa tó jẹ́ S72.3 níbí lè di S72.301A lọ́hùn-ún, nítorí wọ́n fẹ́ mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́, ọ̀tún ni àbí òsì, bóyá egungun yọ síta, àti bóyá ìtọ́jú àkọ́kọ́ nìyí. Ní àfikún, CPT ni wọ́n fi ń kọ ohun tí dókítà ṣe, HCPCS sì wà fún àwọn ohun èlò, oògùn àti irú wọn. Òfin wọn tún le níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí: aláìsàn tí kò sùn sílé-ìwòsàn, tí dókítà kọ "bóyá" tàbí "ó jọ" síwájú orúkọ àìsàn rẹ̀, kò gbọdọ̀ gba kóòdù àìsàn náà, àpẹẹrẹ tó ń ṣe é ni wọn yóò kọ.

Ẹgbẹ́ méjì ló lórúkọ nídìí ìwé-ẹ̀rí, AAPC àti AHIMA. CPC ti AAPC ni ọ̀pọ̀ ń lé: ìbéèrè 100 láàárín wákàtí mẹ́rin, ìwé kóòdù wà níwájú ẹni, 70 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni àṣeyege. Ẹ má jẹ́ kí ìwé tó ṣí sílẹ̀ tàn yín. Kò tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ fún ìbéèrè kan, ẹni tí kò bá mọ ojú ewé kò ní í rí i. Ẹni tó bá sì yege láìní ìrírí iṣẹ́ yóò gba CPC-A, èyí tó sọ fún gbogbo agbanisíṣẹ́ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀nà tó mọ́ tààrà láti yọ A náà kúrò, níwọ̀n bí ẹnì kan bá ti fún un níṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ kóòdù láti ilé ló kọ ọ́ gbangba pé olùgbé Amẹ́ríkà nìkan ni àwọn ń fẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ kan lọ́hùn-ún kò sì gbà kí àkọsílẹ̀ àwọn tó wà lórí Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba ṣe fún àwọn tí owó wọn kò tó, kúrò nílẹ̀ wọn. Èyí tó ń jáde ń lọ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Íńdíà àti Philippines, tí wọ́n ní ọ́fíìsì, iná àti ààbò kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù àti jẹnẹrétọ̀ ní Ògo-Olúwa kò lè bá wọn dù ú lórí owó pọ́ọ́kú. Nítorí náà, mo gba ọ̀nà yìí nímọ̀ràn fún ẹni tó ti ní ètò ìrìnàjò tó dájú lọ́wọ́, tàbí ẹni tí agbanisíṣẹ́ kan ti bá sọ̀rọ̀, tó sì ti rí àdéhùn kà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, ẹ rántí pé aago ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa, gẹ́gẹ́ bí àsìkò bá ti rí; aago mẹ́jọ òwúrọ̀ wọn lè jẹ́ aago méjì ọ̀sán wa, iṣẹ́ ọjọ́ kan a sì wọ alẹ́. Ẹ̀rọ tó ń dábàá kóòdù fúnra rẹ̀ náà ti wọ iṣẹ́ yìí, ó sì ń sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò. Ẹni tí kò mọ̀ ju kí ó wá kóòdù kàn lọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́

Ẹ béèrè ìwé kóòdù tó fẹ́ kọ́ yín, orúkọ ìdánwò tó ń múra yín sílẹ̀ fún, àti ọdún tí wọ́n tẹ ìwé tó ń lò. ICD-10-CM ń yí padà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, CPT ń yí padà lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní, nítorí náà fọ́tókópì ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò wúlò fún ìdánwò tuntun. Ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ fúnra rẹ̀. AAPC ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń yẹ irú rẹ̀ wò, ẹni tí kò bá fẹ́ fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ mọ ìdí. Ẹni tó bá ń ṣèlérí iṣẹ́ dọ́là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí tó ń ta ìdáhùn ìdánwò, gbájúẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá sì ń fi àwòrán fáìlì tí orúkọ aláìsàn ṣì wà lórí rẹ̀ kọ́ni, ẹ dìde.

Ní ti owó, ẹ má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Owó àjọ tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè gbé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má yáwó èlé nítorí ìdánwò tí wọ́n ń fi dọ́là san, nítorí iye náírà rẹ̀ lónìí kọ́ ni yóò jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pa pọ̀: owó ẹ̀kọ́, owó ìwé, owó ìdánwò, owó àtúnṣe bí ẹ kò bá yege lẹ́ẹ̀kan, dátà, epo jẹnẹrétọ̀, àti owó tí ń tẹ̀lé ìwé-ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọn kì í sọ fúnni: CPC kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan kí ó gbé kọ́ ògiri, owó ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹni tó ní i sì gbọ́dọ̀ kó ẹyọ ẹ̀kọ́ 36 jọ láàárín ọdún méjì méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gbà á padà.